Bí Mo Ṣe Kọ́ Iná Orí Màṣíìnì Mi Láti Máa Gbọ́ràn

Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, oorun aránṣọ ti tán nìyẹn. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló sì fẹ́ kí aṣọ tiwọn bo ti ẹgbẹ́ yòókù mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń gé léèsì lọ́wọ́ ni gínnì ń dé, ni sányán ń dé. Ọ̀sán kì í tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, alẹ́ la fi ń kún un.

Iná tí mo fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò dúró de iná ìjọba. Bátìrì vólítì 12 kan ni, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS (ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ), 7Ah ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn áńpíà (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn) lọ́nà wákàtí. Mo gé mítà kan lára iná LED gbọọrọ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní strip, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó tó wà lókè màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi. Ó mọ́lẹ̀ gan-an, àmọ́ kò mọ̀ ju kó mọ́lẹ̀ gan-an lọ. Tí mo bá ń rán aṣọ dúdú, mo nílò gbogbo rẹ̀, torí òwú dúdú lára aṣọ dúdú kì í jẹ́ kéèyàn rí ojú ìrán. Tí mo bá bọ́ sórí gínnì funfun, ìmọ́lẹ̀ kan náà á máa ta padà sí mi lójú títí orí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Tó bá wá di òru, àwọn ìbejì mi á ti sùn sórí ẹní lẹ́yìn mi, ọ̀kan á máa fi apá bojú.

Bátìrì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Irú LED tí mo rà, tí 60 wà nínú mítà kan, tí wọ́n ń pè ní 5050, wáàtì 14.4 ni mítà kan ń jẹ, ìyẹn áńpíà 1.2. Ẹ pín 7 sí 1.2, kò tó wákàtí mẹ́fà. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì kì í sì fún wa ní gbogbo 7 yẹn tí a bá ń fà á kíákíá, torí wákàtí 20 ni àwọn tó ṣe é fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, bátìrì mìíràn ló ń rà lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, iná tó ṣeé dín kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lọ́dọ̀ mi.

Ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, ti bàbá kan tó ń tún rẹdíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni. Bàbá Rẹdíò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè bá mi ṣe nǹkan sí i. Wọ́n wo mi látòkè délẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ tí ò ń fi òwú kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sára léèsì, ṣé wáyà lo fẹ́ wá bẹ̀rù? Jókòó, ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣe é."

Ọ̀nà tí kò dára ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, wọ́n sì sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kò dára. Wọ́n tú fólúùmù kan jáde lára rẹdíò tó ti kú. Fólúùmù ni àwọn oníṣẹ́ rẹdíò ń pe rẹ̀sísítọ̀ (èròjà tó ń dí iná lọ́nà) tí a lè yí, kódà tí kì í bá ṣe ohùn ló ń dín kù. 1K ló wà lára èyí, ìyẹn óòmù 1,000; óòmù ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Wọ́n so ó sáàárín bátìrì àti iná LED, wọ́n ní kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀. Mo yí i, mo yí i, iná náà kàn ń ṣe bí ẹyin iná tó fẹ́ kú ni. Ó kù díẹ̀ kí ó dé òpin ni iná bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí i padà ní ìwọ̀nba irun, ó tún kú. Kò pẹ́ tí òórùn nǹkan tó ń jóná fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá Rẹdíò sì já wáyà rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún mi sórí páálí sìgá ló jẹ́ kí ó yé mi. LED mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ nínú iná gbọọrọ yẹn, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan. Ìdí nìyẹn tí àmì ibi tí a ti lè gé e fi wà lẹ́yìn gbogbo LED mẹ́ta. Àwọn LED mẹ́ta náà ń gba bíi vólítì 9, rẹ̀sísítọ̀ wọn ń gba 3 tó kù. Kí áńpíà 1.2 tó di 0.6, óòmù bíi 3 péré ni a nílò láti fi kún un. Nínú óòmù 1,000 tó wà nínú fólúùmù yẹn, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo yòókù kàn ń pa iná ni. Ní ibi tí ó ti jẹ́ ìdajì yẹn, ó lé díẹ̀ ní wáàtì 1 tó ń di ooru nínú fólúùmù. Irú fólúùmù kékeré bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju ìdá mẹ́rin tàbí ìdajì wáàtì lọ, gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n sì ń sọ, kì í ṣe igun kan. Mo wá rántí àwọn régúlétọ̀ fáànù àtijọ́ kan, àwọn tó tóbi tó máa ń gbóná mọ́ ògiri. Rẹ̀sísítọ̀ ló wà nínú wọn, wọ́n ń fi ooru san gbèsè ohun tí fáànù kò jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà fún mi: pé iná tó dára tó ń dín kù, kì í dín kù rárá. Ṣe ló ń tàn tán pátápátá, tó sì ń kú pátápátá, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè tẹ̀lé e. Ẹ rò ó bí ẹni tó dúró nídìí fèrèsé tó ń fa kọ́tìnì sọ́tùn-ún sósì láìsinmi: kò ṣí i sí ìdajì rí, ṣùgbọ́n bí àsìkò tó fi wà ní ṣíṣí bá ṣe gùn sí ni yàrá yóò ṣe mọ́lẹ̀ sí. PWM (pulse-width modulation) ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí.

Ohun tó máa ń fa kọ́tìnì náà fún wa ni IC (ọ̀pọ̀ èròjà iná tí wọ́n dì sínú ike kan) kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń jẹ́ 555. Hans Camenzind, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1971 fún ilé-iṣẹ́ Signetics, ó sì dé ọjà ní 1972. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣì ń ṣe é, ó ṣì wà ní ọjà ní owó tí kò tó nǹkan. Wáyà, súwíìsì àti ilé fíúùsì ni mo rí rà nítòsí ní ọjà Òkè-Àjé. IC, MOSFET (súwíìsì tí iná ló ń ṣí i tó ń tì í) àti dáyóòdù (èròjà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ni mo bẹ aládùúgbò mi kan tó máa ń lọ kó ọjà ní Alaba l'Ékòó pé kó bá mi rà bọ̀.

Orí breadboard, ìyẹn pákó ike oníhò tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ èròjà bọ̀, ni a ti kọ́kọ́ tò ó, láìjó lẹ́ẹ̀dì (irin tí wọ́n ń yọ́ fi so èròjà pọ̀) kankan. Mo gba àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn kí wọ́n má fo ìpele yìí. Ẹsẹ̀ 8 àti ẹsẹ̀ 4 lọ sí pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ 1 sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 6 a so pọ̀, kàpásítọ̀ kan (èròjà tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) sì ti ibẹ̀ lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Láti pọ́sítíìfù, rẹ̀sísítọ̀ 1K kan wá sí ẹsẹ̀ 7, ẹsẹ̀ 7 sì lọ sí ẹsẹ̀ àárín fólúùmù 100K. Ẹsẹ̀ méjì tó kù lára fólúùmù gba inú dáyóòdù 1N4148 méjì padà sí ẹsẹ̀ 2 àti 6, àmọ́ ọ̀kan kọjú síwá, èkejì kọjú sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Iná tó ń kún inú kàpásítọ̀ ń gba apá kan fólúùmù wọlé, èyí tó ń jáde ń gba apá kejì. Tí mo bá yí fólúùmù, bí apá kan ṣe ń gùn ni èkejì ń kúrú, nítorí náà ìwọ̀n àsìkò tí iná fi ń tàn ń yí, ṣùgbọ́n àròpọ̀ títàn àti kíkú kò yí. Kàpásítọ̀ kékeré kan, 10nF (nF ni wọ́n fi ń wọn bí kàpásítọ̀ ṣe tóbi tó), tún ti ẹsẹ̀ 5 lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù kí ariwo, ìyẹn iná tó ń ṣe ségesège, má bàa wọ inú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ 3 ni àbájáde rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó láti gbé iná mi. Ó gba rẹ̀sísítọ̀ óòmù 100 kan kọjá lọ sí gate (ẹsẹ̀ tó ń gba àṣẹ) MOSFET tó ń jẹ́ IRFZ44N. MOSFET ló wá ń ṣí tó ń ti nẹ́gẹ́tíìfù iná LED. Pọ́sítíìfù LED lọ tààrà sí bátìrì. Mo tún fi rẹ̀sísítọ̀ 10K so gate mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí ó má bàa dá ara rẹ̀ ṣí nígbà tí 555 bá wà ní pípa. Tí ẹ bá kọjú sí ibi tí wọ́n kọ̀wé sí lára IRFZ44N, ẹsẹ̀ òsì ni gate, àárín ni drain (èyí tó lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù LED), ọ̀tún ni source (èyí tó lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì). Irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú drain, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó kan irin mìíràn.

Ayédèrú MOSFET pọ̀ lọ́jà. Kí a tó lo èyí tí wọ́n rà bọ̀, Bàbá Rẹdíò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, dán an wò. Ẹ yí mítà sí ibi dáyóòdù, ẹ fi wáyà pupa kan source, dúdú kan drain: nọ́ńbà kan tó súnmọ́ 0.5 yóò jáde. Ẹ gbé wọn pààrọ̀, nǹkan kan kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ wá fi dúdú sórí source, kí ẹ fi pupa kan gate fìrí, kí ẹ tó gbé pupa náà lọ sórí drain: yóò ti ṣí, mítà yóò sì fi hàn pé iná ń kọjá. Èyí kò sọ pé ó lè gbé gbogbo áńpíà tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, àmọ́ èmi áńpíà 1.2 ni mo fẹ́, kì í ṣe 49.

Nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án, Bàbá Rẹdíò mọ̀ọ́mọ̀ fi kàpásítọ̀ ńlá sí i, 10µF (µF kan jẹ́ nF 1,000). Iná náà ń ṣẹ́jú: ó tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n ní kí n yí fólúùmù. Mo yí i sápá kan, ó ń tàn pẹ́, ó ń kú fìrí. Mo yí i sápá kejì, ó ń kú pẹ́, ó ń tàn fìrí. Gbogbo àlàyé tí wọ́n ti ń ṣe látàárọ̀, ojú mi ló wá rí i. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi 100nF rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́, títàn àti kíkú náà sì di bíi ìgbà 140 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ohun tó ń ṣẹ́jú mọ́ lójú mi. Mo yí fólúùmù, iná rọra lọ sílẹ̀, ó rọra gòkè. Mo pariwo débi pé oníbàárà tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlànà náà kò le: ẹ sọ óòmù fólúùmù àti ti 1K pọ̀, ẹ fi kàpásítọ̀ (ní farad, ìyẹn µF tí a pín sí mílíọ̀nù kan) sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 0.693 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó jáde ni àsìkò títàn àti kíkú kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ rí i pé kàpásítọ̀ ló ń sọ bó ṣe yára, fólúùmù ló ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ aránṣọ ló tú àṣírí 140 yẹn. Mo gbé e lọ sórí màṣíìnì, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, abẹ́rẹ́ di púpọ̀ lójú mi. Abẹ́rẹ́ kan ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n mo ń rí bí ẹni pé abẹ́rẹ́ tó pọ̀ tò léra wọn, àwọn kan tilẹ̀ dà bí èyí tó dúró. Mo ju ọwọ́ mi níwájú iná, ìka mi di mẹ́wàá. Mo fi kámẹ́rà fóònù wò ó, ìlà dúdú ń rìn kọjá lójú fóònù. Iná tó ń tàn tó ń kú, ṣe ló ń gé ìrìn ohun tó ń sáré sí wẹ́wẹ́ fún ojú. Nínú yàrá tí a kàn ti ń jẹun, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń sáré, ó léwu: ẹ̀rọ tó ń yí kíkankíkan lè dà bí èyí tí kò yí mọ́, ìka èèyàn á sì lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pààrọ̀ kàpásítọ̀ sí 10nF. Ó di bíi 1,400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, abẹ́rẹ́ padà di ẹyọ kan. Mi ò tíì rí àlàyé kankan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó mẹ́nu ba èyí, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tó nílò irú iná yìí, orí ẹ̀rọ la ti fẹ́ lò ó.

Ohun kejì tí ojú fi yà mí lẹ́nu: nígbà tí mo yí fólúùmù dé ìdajì gẹ́lẹ́, mo ní kí ìyá mi wò ó. Wọ́n ní, "Kí lo wá dín kù níbẹ̀?" Mítà sọ pé áńpíà ti di ìdajì, ojú ìyá mi sọ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí ojú ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìyẹn: nínú òkùnkùn, ìyàtọ̀ díẹ̀ tó o, nínú ìmọ́lẹ̀ ńlá, àfi kó pọ̀ kó tó mọ̀. Nítorí náà gbogbo ohun tó wúlò fún mi lóru fún pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ fólúùmù. Bàbá Rẹdíò ní etí náà ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí fólúùmù rẹdíò kì í fi í jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti àwọn nǹkan mìíràn. Wọ́n fi hàn mí lára wọn: èyí tí wọ́n kọ B100K sí ń lọ ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí wọ́n kọ A100K sí ń rọra lọ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń sáré lópin. Mo yọ B, mo fi A sí i. Ẹ ṣáà yẹ ibi tí ẹ kọjú ẹsẹ̀ rẹ̀ sí wò. Tí ó bá sọdí, iná á fò sókè níbẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ti bátìrì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mítà mi sọ, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé PWM ń fi bátìrì pamọ́ ju rẹ̀sísítọ̀ lọ. Lórí irú iná LED vólítì 12 yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi mítà sáàárín bátìrì àti iná, mo fi rẹ̀sísítọ̀ gidi tó tóbi dín iná kù sí ìdajì, áńpíà tó ń jáde kúrò nínú bátìrì di nǹkan bí ìdajì. Mo fi PWM dín in kù sí ìdajì, ó tún di nǹkan bí ìdajì. Iná tó dín kù ló ń fi bátìrì pamọ́, ọ̀nà yòówù tó bá gbà dín kù. Ohun tí PWM fi jù ni pé fólúùmù kò gbóná, MOSFET náà kò gbóná, ó sì ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi bá sọ láti òpin kan dé èkejì. IRFZ44N tó bá ṣí dáadáa, óòmù rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta óòmù kan. Mo fi ìka kàn án lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ó tutù.

Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù náà kò yí àwọ̀ padà, èyí sì ṣe pàtàkì lọ́wọ́ ẹni tó ń mú òwú bá aṣọ mu. Gílóòbù onírin àtijọ́ máa ń pọ́n tí wọ́n bá dín in kù, ewéko á dà bí ilẹ̀. Nínú PWM, ní gbogbo ìgbà tí LED bá tàn, títàn rẹ̀ ní kíkún ló ń tàn, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Síbẹ̀ mi ò gbà á gbọ́ pátápátá. LED funfun, LED búlúù ni nínú, wọ́n kàn fi èròjà tó ń tàn ní yẹ́lò bò ó ni. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, tí LED búlúù ti ọwọ́ wọn wá, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014. Pupa kì í pọ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ yẹn tí LED náà bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Pupa rẹ́súrẹ́sú àti búráwùn, ojú oòrùn ni mo ti ń yan òwú wọn, ẹ̀yìn náà ni mo tó gbé e wá sábẹ́ iná.

Jíjó lẹ́ẹ̀dì sórí Vero board (pákó oníhò tó ní ìlà bàbà lábẹ́) kò gba àsìkò púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìka tó mọ abẹ́rẹ́ tètè mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ nǹkan àti bàbà board lẹ ó kọ́kọ́ fi ayọ́ọ̀nù gbóná pọ̀, kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n. Tó bá dúró bí róbótó tí kò dan, kò wọlé, ẹ tún un ṣe. Ẹ rántí gé ìlà bàbà tó kọjá lábẹ́ IC, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì á máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sì ṣí fèrèsé, èéfín rẹ̀ kò dára ní ọ̀fun.

Fíúùsì áńpíà 2 wà lórí wáyà pọ́sítíìfù mi, ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Àwọn èèyàn máa ń rò pé vólítì 12 kò lè ṣe nǹkan. Lóòótọ́ kò ní gbé yín, àmọ́ tí wáyà méjèèjì bá kanra wọn, tó ṣọ́ọ̀tì, bátìrì kékeré yẹn lè da iná sílẹ̀ tó máa yọ́ rọ́bà ara wáyà, inú ṣọ́ọ̀bù tí aṣọ kún inú rẹ̀ ni a sì wà. Òrùka náà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan orí bátìrì. Àwọn tó ní sólà, ẹ má so 555 mọ́ páńẹ́ẹ̀lì tààrà nítorí pé wọ́n kọ 12V sí i. Páńẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kò fà lè fún yín ní bíi vólítì 21, NE555 kì í sì gbà ju 16 lọ. Ẹ̀yìn controller (ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà sínú bátìrì) àti bátìrì ni kí ẹ ti máa mú u.

Inú ike bọ́tà ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, fólúùmù yọ orí síta, mo sì fi báírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibi aṣọ dúdú, ibi gínnì, ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Ní ibi àmì tó kẹ́yìn yẹn, áńpíà tó ń jáde kò tó 0.2, mo sì ń rí ọ̀nà fi kọ́ bọ́tìnnì. Lóòótọ́, wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe tán lọ́jà, kékeré bí orí ìka, ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá kàn fẹ́ iná, kó lọ rà á. Ṣùgbọ́n mi ò lè pààrọ̀ kàpásítọ̀ inú ìyẹn nígbà tí abẹ́rẹ́ bá di méje.

Obìnrin tó ń ta ẹja tútù níwájú wa rí i, ó ní kí n bá òun ṣe irú rẹ̀ fún fáànù òkè àjà ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ní rárá. Fáànù yẹn, iná ilé ló ń lò, vólítì 230, tó ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. MOSFET mi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Triac àti diac, àwọn èròjà tó ń ṣí ọ̀nà fún iná ilé, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, tí wọ́n ń dúró díẹ̀ nínú ìlàjì ìgbì iná kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Kò ju bí èròjà márùn-ún lọ, ó rọrùn lójú ju tèmi lọ, ó sì lè pa èèyàn. Bàbá Rẹdíò tí wọ́n ti ń tú tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà èwe wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kan rí, wọ́n ní ó di ìgbà tí mo bá ti lo ọdún kan lórí bátìrì. Mo tún sọ fún obìnrin náà pé àwọn gílóòbù LED inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọn kò bá kọ ọ́ sí i pé ó ṣeé dín kù, wọ́n á máa ṣẹ́jú tàbí kí wọ́n bàjẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní fáànù nìkan lòun ń sọ. Mo bá a lọ sí Òkè-Àjé, a ra régúlétọ̀ fáànù, oníṣẹ́ iná ló bá a so ó mọ́ ògiri.